Ìkejì Ni Ò Fẹ́

Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ tí Alhaji Akóredé ń lọ sí Ìtòrí lọ parí ọ̀rọ̀ ìyàwó ni éésì mọ́tò ẹ̀ yàn láti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin náà ná. Agbádá funfun, fìlà funfun, bàtà funfun. Lọ́fíńdà tó dà sára pọ̀ débi pé eṣinṣin tó bà lé e léjìká ní Ọbàdá-Òkò, nǹkan bíi Wásinmi ló ti dákú. Gíláàsì mọ́tò wà ní títì pa, ọ̀gá ń jó lórí àga.

Tí mọ́tò bá ń sáré, éésì á máa fẹ́ fẹ́ẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù á máa wọnú agbádá, ikùn Alhaji á máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ tó bá ti dúró lẹ́yìn tírélà símẹ́ńtì báyìí…

Wùùùùù!

Ooru ẹnu ààrò búrẹ́dì! Kó tó dé Ìtòrí, agbádá ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, lọ́fíńdà ti pòórá, òórùn òógùn ti jókòó síbi tí lọ́fíńdà wà.

Kọ́tìnnì ni Alhaji Akóredé ń tà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, àmọ́ ẹnu gan-an lọjà ẹ̀. Ẹnu yẹn náà ló gbé lọ bá Alhaja Ràhámátù ní Ìtòrí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó rí Bùsírátù tí ojú ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá Bùsírátù ni Alhaja, òun ló tọ́ ọ dàgbà, tó bá sì ti ní rárá, rárá náà ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Alhaji, mo ti jẹ ìyàwó kejì rí. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ojú mi rí màbo. Ọmọ tí mo tọ́ ò ní jẹ ìyàwó kejì láéláé. Ṣé ẹ níyàwó nílé?"

"Ìyàwó kẹ̀? Ó ti kó lọ, Alhaja. Ọdún kẹta rèé. Ilé mi ṣófo gbáú. Èmi àti aláǹgbá nìkan la jọ ń gbé ibẹ̀."

Irọ́ gbuu!

Haleemah ìyàwó ẹ̀ wà nílé digbí. Ọdún kọkànlélógún rèé. Ìyá Àràmídé. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, òun ló fi áyọ́ọ̀nù lọ agbádá funfun ọ̀hún fún un, tó tún kanlẹ̀ na eteetí ẹ̀. Alhaji ní Ìbàdàn lòun ń lọ, òun fẹ́ ra ọjà ní Gbági.

"Ẹ̀wù funfun lẹ fẹ́ wọ̀ lọ Gbági?"

"Ìwọ náà! Wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá múra ni."

Haleemah wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó lọ ire kó bọ̀ ire.

Wàyí o, ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Alhaja Ràhámátù àti Bùsírátù máa wọ mọ́tò Alhaji lọ bá ẹ̀gbọ́n Alhaja ọkùnrin ní Abẹ́òkúta, wọ́n á dá ọjọ́ yìgì, ó parí. Àmọ́ Alhaja ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti kìlọ̀ ooru fún un. Ó ti sọ fún Alhaji lórí fóònù.

"Ẹ ní mọ́tò yín ní éésì. Mo gbọ́. Tí ooru bá mú mi lójú ọ̀nà pẹ́nrẹ́n, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó wọkọ̀ padà sílé mi, ọ̀rọ̀ yín á sì parí síbẹ̀ yẹn."

"Alhaja, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ mí kí n bá yín wá búláńkẹ́ẹ̀tì."

Ẹnu! Ẹnu ńkọ́?

Ó wá dé Ìtòrí báyìí, ó rin fún òógùn bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Alhaja ké sí i láti inú yàrá pé kó jókòó, àwọn ń múra lọ́wọ́. Ó dáhùn pé kí wọ́n fara balẹ̀, òun kàn fẹ́ yẹ omi mọ́tò wò. Ó wa mọ́tò sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa fóònù yọ.

Ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn, fèrèsé yàrá wà níbẹ̀. Fèrèsé ọ̀hún ṣí sílẹ̀, kọ́tìnnì tó nípọn kan ló bò ó. Ta ló fi kọ́tìnnì náà tọrẹ? Alhaji Akóredé fúnra ẹ̀! Òun ló sọ pé kò sí ojú tó lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Kò rí Alhaja tó ń wé gèlè níbẹ̀, kò rí Bùsírátù tó ń lé tìróò.

Ó pe Dámiláre. Dámiláre ni réwáyà tó ń tún iná àti éésì mọ́tò ṣe ní Kútọ̀, ìsọ̀ ẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì Alhaji báyìí.

"Dámiláre! Éésì ti dójú tì mí o! Tí mo bá ń sáré, ó ń tutù. Tí mo bá dúró, ó di iná!"

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà? Kí n máa bọ̀?"

Ohùn Alhaji wálẹ̀ wìì. "Òṣíẹ̀lẹ̀. Má wulẹ̀ yọra ẹ lẹ́nu. Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi."

Òṣíẹ̀lẹ̀! Lọ́nà Ìbàdàn! Ẹni tó wà ní Ìtòrí, lọ́nà Èkó! Ẹ̀rín ń pa mí!

"Ẹ̀gbọ́n, fáànù nìyẹn. Ẹ tan mọ́tò, ẹ tan éésì, kẹ́ ẹ wá wo iwájú rédíétọ̀. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀. Ṣé àwọn méjèèjì ń fẹ́?"

Alhaji tan mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì bú, gìrìrìrì. Kò gbọ́ ara ẹ̀ mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sínú fóònù bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò Ògùn.

"Méjì ni wọ́n lóòótọ́! Àkọ́kọ́ ń fẹ́ dáadáa! Ìkejì ni ò fẹ́!"

Nínú yàrá, ọwọ́ Alhaja dúró lórí gèlè.

"Bùsírá, ṣé mo gbọ́ 'àkọ́kọ́'?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ná."

Ní ti Dámiláre, inú etí Alhaji nìkan lòun wà. "Ẹ fi igi kékeré tì í wò, ẹ̀gbọ́n. Nígbà míì, ó kàn lè há ni."

Igi kékeré kẹ̀? Alhaji fa ẹ̀ka igi fúrúùtù ya. Gbà! Gbì! Gbòà!

"Mo ti fi igi gbá a! Mo gbá a lórí, mo gbá a nídìí! Kò mira!"

"Yéè!" ni Bùsírátù wí.

"Ṣé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọdún tó kọjá náà ni mo mú un wá láti Èkó! Ẹlòmíì ti lò ó kó tó dọ́wọ́ mi! Ẹni yẹn ló ti lò ó bà jẹ́!"

Págà! Bùsírátù ti lọ́kọ rí. Èkó náà ló wà pẹ̀lú ọkọ ọ̀hún fún ọdún méjì kó tó padà sí Ìtòrí. Tìróò já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú kan dúdú, ojú kejì ò rí tìróò.

"Ta ló ń bú báyẹn?"

"Fara balẹ̀," ni Alhaja wí, ṣùgbọ́n òun alára ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ti dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi," ni Dámiláre ń wí. "Ẹ ṣí ilé fíúùsì. Àwọn àpótí dúdú kékeré kan wà níbẹ̀, rílé la ń pè wọ́n, àwọn ló ń fún fáànù níná. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi sí ti ìkejì, ká wò ó."

Alhaji ronú sí i. Òun ò fẹ́ kí mọ́tò bà jẹ́ sílé àna.

"Kí n gba ti àkọ́kọ́, kí n gbé e fún ìkejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àkọ́kọ́ ò ní kú báyìí?"

"Á kú fúngbà díẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kó kú! Kó kú, jàre! Ìkejì yìí ni mo nílò lónìí!"

Ó fa ti àkọ́kọ́ yọ, pọ́! Ó fi sí ti ìkejì, pọ́! Fáànù tó ti ń sùn láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mira, ó kọ́, ó sín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Fúrúrúrúrúrú!

Alhaji sọ agbádá sí èjìká. Ó bẹ́ sókè. "Ìkejì ti fẹ́! Ìkejì ti fẹ́ o! Àkọ́kọ́ ti kú fin-ín-fin-ín!"

Ibi tó ti ń jó ni bàtà ti bá a lẹ́yìn ọrùn.

Pàà!

"Ta lo pa?" Alhaja Ràhámátù dúró níwájú ẹ̀, gèlè ẹ̀ wé dé ìdajì, ìdajì tó kù ń wọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀yin, ó ti di ìwọ. "Akóredé, ta lo pa?"

"Mi ò pa ẹnikẹ́ni o, Alhaja! Fáànù ni!"

"Fáànù!" Alhaja yíjú sí Bùsírátù. "O gbọ́? Ó tún wà níbẹ̀! Ìkẹta! Ta ni ń jẹ́ Fáànù?"

"Ọmọ ibo tiẹ̀ lèyí tó ń jẹ́ Fáànù?" ni Bùsírátù wí, ojú kan ṣoṣo tó lé tìróò ń dán yanran.

"Alhaja, ẹ gbọ́ mi. Inú mọ́tò ló wà!"

"Ó gbé e wá! Wọ́n ń bá a dá ọjọ́ yìgì, ó gbé òmíràn sínú mọ́tò wá sílé mi!"

Alhaja já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbàgà. Ó wo orí àga, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ àga. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀yin èèyàn! Ó ń wá Fáànù lábẹ́ àga! Bọ́ọ̀tù ló fẹ́ ṣí báyìí tí Alhaji fi kúnlẹ̀, tòun ti agbádá funfun, nínú eruku.

"Alhaja, nítorí Ọlọ́run! Réwáyà mi ṣì wà lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí òun alára sọ ọ́."

Ló bá tẹ fóònù kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ó gbé e sórí mọ́tò, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹlẹ́jọ́ tí ẹlẹ́rìí ẹ̀ dé.

"Dámiláre! Sọ fún wọn! Kí ni ìkejì tí mò ń sọ látàárọ̀?"

"Fáànù éésì ni, Màmá!" Ohùn Dámiláre jáde ketekete. "Fáànù méjì ló wà níwájú mọ́tò, àwọn ló ń fẹ́ ooru dànù kí éésì lè tutù. Ìkejì ni ò fẹ́. Nígbà tó sì ti fẹ́ nísinsìnyí tí àkọ́kọ́ kú, rílé ìkejì ló ti jó, kò sí nǹkan míì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ rílé fèrè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fi sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Fèrè ò ní dún mọ́ o, àmọ́ fáànù méjèèjì á fẹ́."

Alhaji ṣe é lójú wọn. Pọ́! Fáànù méjèèjì gbá a, fúrúrúrú, fúrúrúrú. Alhaja sún mọ́ ọn, ó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ó wọnú mọ́tò, ó na ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Mọ́tò ò rìn, ojú kan ló dúró sí, síbẹ̀ ó tutù rinrin.

Ojú Alhaja rọ̀. Èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín bẹ́.

"Háà! Bùsírá, fáànù ni! Fáànù mọ́tò! Mo ti na àna mi ní bàtà nítorí fáànù!" Ó nu omijé ẹ̀rín nù. Ọ̀rọ̀ padà sí ẹ̀yin. "Alhaji, ẹ má bínú. Ẹ fọwọ́ gbọn eruku agbádá yín. Bùsírá, lọ lé tìróò ojú kejì ká máa lọ. Ọkùnrin tó lè tún mọ́tò ṣe, á tún ilé ṣe."

Ó parí! Gbogbo ẹ̀ ti parí! Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Alhaji máa ṣe. Kó na ìka kan, kó tẹ ibi pupa lórí fóònù yẹn, kí fóònù kú.

Ǹjẹ́ ó tẹ̀ ẹ́?

Ẹnu ń yún un. "Dámiláre," ló wí, ó sì fa agbádá sókè, "ó ti yé wọn báyìí. Èmi Akóredé, èmi kì í parọ́. Máa gbádùn ẹ."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró ná, ìyàwó yín tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó ní òun fẹ́ kí yín."

Alhaji fò mọ́ fóònù náà. Agbádá há sẹ́nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fà á, agbádá náà fà á padà.

"Bàbá Àràmídé, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ohùn Haleemah dùn bí oyin. "Dámiláre ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mọ́tò ti dà yín. Ṣé agbádá tí mo lọ̀ láàárọ̀ ò tíì dọ̀tí? Tẹ́ ẹ bá dé Gbági, ẹ bá mi wo kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yẹn. Ti yàrá wa ti gbó."

Fáànù méjèèjì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Alhaja Ràhámátù mú fóònù, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Haleemah ni, mà. Ìyàwó Alhaji. Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Ràhámátù ni, ará Ìtòrí. Ibẹ̀ ni Alhaji wà báyìí, wọn ò sí ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Wọ́n ní ẹ ti kó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn."

"Kó lọ? Síbo, mà?"

"Èmi náà fẹ́ mọ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò yín ló dúró tì mí yìí. Ilé yín ńkọ́, ṣé ó jìnnà sí Kútọ̀?"

Nígbà tí Haleemah máa dáhùn, ohùn ẹ̀ ti gbẹ.

"Ìtòkú ni, mà. Ẹ béèrè ilé oníkọ́tìnnì."

"À ń bọ̀ wá kí yín. Alhaji ló máa gbé wa wá. Mọ́tò wọn ti tutù."

Alhaji ní, "Alhaja, mọ́tò yìí mà ti ń gbóná o. Kò ní lè dé Abẹ́òkúta."

"Ẹ wà á."

Ó wà á. Kí ló fẹ́ ṣe? Alhaja jókòó síwájú, Bùsírátù jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó ti ń gbàdúrà láti àárọ̀ pé kí éésì tutù, ẹ wá gbọ́ àdúrà tó ń gbà báyìí. "Yáà Allah, jẹ́ kí fíúùsì já. Jẹ́ kí wáyà jó. Táyà kan péré, Yáà Allah, jẹ́ kó bẹ́." Ní Wásinmi, wọ́n dúró lẹ́yìn tírélà símẹ́ńtì bí ogún ìṣẹ́jú. Ó fetí sílẹ̀ de ooru.

Fẹ́ẹ́ẹ́ẹ́.

Ó rọra na ọwọ́ síbi tí wọ́n ti ń pa éésì. Alhaja gbá a lọ́wọ́, tà!

Ní Ọbàdá-Òkò, ewúrẹ́ mẹ́rin jókòó sójú títì. Alhaji tẹ fèrè, fèrè ò dún. Ó wá yọ orí síta, Alhaji ńlá, oníṣòwò Kútọ̀, ó ń fi ẹnu ṣe fèrè. "Pọ́ọ̀n! Pọ́ọ̀ọ̀n!" Ewúrẹ́ kan dá a lóhùn.

Fóònù Alhaji wà lọ́wọ́ Bùsírátù ní gbogbo àkókò yìí. Òun àti Haleemah ti wọra.

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni? Ó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀? Háà! Èmi ló sọ fún pé òun kì í sùn tí ilẹ̀ fi ń mọ́, pé ọ̀rọ̀ mi lòun máa ń rò… Ẹ̀yin náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún? Lọ́dún wo?"

Wọ́n wọ Láfẹ́nwá. Sún kẹẹrẹ, fà kẹẹrẹ. Mọ́tò ń rìn díẹ̀, ó ń dúró púpọ̀, éésì ò yẹ̀ lórí iṣẹ́. Alhaja fa ìborùn bo èjìká méjèèjì.

"Éésì yìí mà dáa o. Òtútù ti ń mú mi."

Ó yíjú sí ọ̀gá tó di ọwọ́ mọ́tò mú. Omi ń kán láti irùngbọ̀n sí àyà, fìlà ti rin gbindin, agbádá ti lẹ̀ mọ́ ikùn.

"Háà, Alhaji. Inú éésì yìí náà lẹ ti ń làágùn?"